Màmá kì í rí ìpè fídíò gbé: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Ìkìrun

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá wà nílé ní Ìkìrun, ẹni ọdún 76. Fóònù Tecno ni wọ́n ń lò, nítorí WhatsApp la sì ṣe rà á fún wọn. Àwọn ọmọ wà ní London àti Houston. Tí a bá pè wọ́n ní fídíò, ìgbà mìíì kì í dún rárá. Ìgbà mìíì á dún, wọn ò ní rí i gbé. Tí wọ́n bá sì rí i gbé, etí wọn là ń wò, tàbí àjà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

Atúnfóònùṣe_Mọ́kọ́lá

Ẹ má tíì kọ́ Màmá ní ohunkóhun. Fóònù yẹn ló kọ́kọ́ nílò àtúntò.

Ẹ wo ojú fóònù tiyín nígbà tẹ́ ẹ bá ń pè. Tó bá kọ “Calling” tí kò kúrò níbẹ̀, ìpè yẹn ò tíì dé ọ̀dọ̀ Màmá: dátà ti tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, tàbí fóònù ti pa WhatsApp. Tó bá ti di “Ringing”, ó ti dé ọwọ́ wọn. A jẹ́ pé wọn ò gbọ́ ọ, tàbí ìka wọn ni kò rí i ṣí. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀, torí àtúnṣe wọn yàtọ̀.

Ti “Calling” la ó kọ́kọ́ mú. Tecno, Infinix àti itel fẹ́ràn láti máa pa ápù tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn fúngbà díẹ̀, kí bátìrì lè pẹ́. Màmá kì í ṣí WhatsApp fúnra wọn, nítorí náà fóònù á kà á sí ohun tí kò wúlò. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí: ẹ tẹ àmì WhatsApp mọ́lẹ̀ títí tí “App info” á fi jáde, ẹ wọ “Battery”, ẹ mú “Unrestricted”. Orúkọ rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù kan sí òmíràn. Ní ibẹ̀ náà, ẹ wọ “Mobile data”, kí ẹ ṣí “Unrestricted data usage” fún un. Ẹ tún wá “Auto-start” nínú Phone Master, ápù tó ń tọ́jú fóònù Tecno, kí ẹ ṣí ti WhatsApp. Lẹ́yìn náà ẹ sọ fún ọmọdé yòówù tó bá wà nílé pé kó yéé tẹ “Clean” àti “Boost” nínú Phone Master yẹn. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìmọ́tótó fóònù ló ń pa WhatsApp.

Tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ẹ má dán an wò lójú ẹsẹ̀. Á dún, torí ápù ṣì wà lójú. Ẹ pa ojú fóònù, ẹ gbé e sílẹ̀ fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ tó pè é. Tó bá dún nígbà yẹn, ó ti gbọ́.

Ohun kan tún wà tí kì í wá síni lọ́kàn: bí bátìrì bá kú pátápátá, àwọn fóònù kan máa ń gbàgbé ọjọ́ àti aago. WhatsApp ò ní ṣiṣẹ́ tí ọjọ́ ò bá tọ̀nà. Ẹ ṣí “Set time automatically” nínú Settings.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Èmi á mú “Ringing”.

Ẹ wò ó dáadáa bí ìpè ṣe ń wọlé. Nígbà tí ojú fóònù bá kú, ìpè fídíò á gba gbogbo ojú ẹ̀, wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ fi ìka fa àmì ewéko sókè. Àwọn àgbà kì í fà á. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún un tẹ̀, kò ní ṣí, wọ́n á ní fóònù ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n tí ojú fóònù bá ṣí lọ́wọ́, pátákó kékeré ló máa ń jáde lókè tó ní “Decline” àti “Answer”, títẹ̀ sì ni tìyẹn. Ọ̀nà méjì fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó tó da orí èèyàn rú. Ẹ kọ́ wọn ní ọ̀kan: ẹ ní kí wọ́n máa jẹ́ kí ojú fóònù kú nígbà tí wọn ò bá lò ó. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó máa kú lẹ́yìn 30 ìṣẹ́jú àáyá, kó jẹ́ pé fífà sókè nìkan ni wọ́n á máa bá pàdé. Ní kíkọ́ wọn, ẹ má di ìka wọn mú. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kí ẹnìkan máa pè láti yàrá kejì, kí wọ́n fà á fúnra wọn títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n.

Ìka fúnra rẹ̀ ńkọ́? Awọ ọwọ́ àgbà máa ń gbẹ, ti ẹni tó ti fi ọwọ́ ṣe oko tàbí aró sì máa ń yi. Ojú fóònù kì í gbọ́ ìka gbígbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́. Aṣọ tó tutù díẹ̀, kí wọ́n fi nu góńgó ìka, ó tó. Ẹ má fi òróró sí i o, tó bá kan kámẹ́rà, àwòrán á di bàìbàì. Tí wọ́n bá lẹ gíláàsì tó nípọn mọ́ ojú fóònù náà, ẹ ṣí i kúrò, ẹ fi èyí tó fẹ́lẹ́ sí i. Fún ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ wọ Settings, “Accessibility”, “Touch & hold delay”, kí ẹ mú “Long”. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo títẹ̀ wọn ni fóònù á máa kà sí títẹ̀-mọ́lẹ̀.

Ohùn: ìwọ̀n ohùn tí fóònù fi ń dún yàtọ̀ sí ti ohùn inú ìpè. Ẹ gbé “Ring volume” sókè pátápátá nínú Settings, kí ẹ sì pa “Do Not Disturb”, èyí tó máa ń pa fóònù lẹ́nu mọ́. Nínú WhatsApp, ẹ wọ “Notifications”, kí ẹ yan ohùn ìpè tó ki. Ọ̀pọ̀ àgbà kì í tètè gbọ́ ohùn tín-ín-rín mọ́. Nígbà tí wọ́n bá ti gbé ìpè, kí ẹnìkan tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ sókè títí ó fi kún.

Ọmọ_Ìkìrun

Ẹ ṣé gan-an. Etí ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé etí Màmá làwọn mọ̀ jù.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì

Fóònù etí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ò ní gbàgbé. Ẹ ní kí wọ́n mú un bíi dígí tí wọ́n fi ń wé gèlè. Ọ̀rọ̀ yẹn yé wọn ju “kámẹ́rà” lọ. Ṣùgbọ́n mímú un gan-an ni kò dáa: apá á ro wọ́n kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, fóònù á máa sọ̀kalẹ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àgbọ̀n, lẹ́yìn náà àjà.

Ẹ wá ohun tí ẹ máa gbé e tì. Agolo mílíìkì méjì tó ṣì kún, ẹ fi rọ́bà so wọ́n pọ̀, ẹ gbé e sórí àpótí lórí tábìlì kó lè bá ojú wọn dọ́gba, kó jìnnà tó apá kan nínà. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ fóònù tó gùn gbé e tì í, ẹ má gbé e nàró: ihò kékeré tó ń gba ohùn wọn wà nísàlẹ̀, létí ibi tí ṣájà ń wọ̀. Tí fóònù bá dúró lórí ihò yẹn, ẹ̀yin ò ní gbọ́ wọn dáadáa, wọn á sì máa pariwo lásán. Kí fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà wà níwájú wọn. Tí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí i, ojú wọn á dúdú kirikiri. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu kámẹ́rà iwájú. Ìka tó ti kan ẹ̀pà àti ọbẹ̀ ti kàn án náà.

Alákọsílẹ̀_Dátà

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ dátà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣubú. Kì í ṣe ìpè ló ń jẹ dátà àwọn àgbà tán o. Fídíò àdúrà àárọ̀ àti àwòrán “ẹ kú ọjọ́ ìsinmi” inú gúrúùpù ìjọ àti ẹbí ni. WhatsApp ń gbà á wálé láìbéèrè. Ẹ wọ Settings WhatsApp, “Storage and data”, “When using mobile data”, kí ẹ yọ àmì kúrò lára gbogbo rẹ̀. Ẹ wọ Play Store pẹ̀lú, kí ẹ ní kó má ṣe àtúnṣe ápù fúnra rẹ̀ lórí dátà. Níbi “Storage and data” yẹn náà, ẹ̀ẹ́ rí “Use less data for calls”. Ẹ ṣí i tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò bá jẹ́ aláìlera. Àwòrán á rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní máa já.

Kẹ́ ẹ tó sọ iye tí ìpè ń jẹ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín: “Network usage” wà níbẹ̀. Ẹ tẹ “Reset statistics” kẹ́ ẹ tó pè, kẹ́ ẹ wò ó lẹ́yìn ìpè ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iye yẹn ni kẹ́ ẹ fi ra dátà, kì í ṣe iye tẹ́nìkan sọ.

Ní Nàìjíríà, *323# ń fi iye dátà tó kù hàn lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, *312# sì ni fún ríra. Ẹ lè rà á láti òkè òkun náà. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé síìmù méjì wà nínú fóònù, wọ́n ra dátà sí ọ̀kan, fóònù sì ń lo èkejì. Ẹ wọ ibi “SIM”, kí ẹ wo èyí tí wọ́n yàn fún “Mobile data”.

Ẹ wo òkè ojú fóònù. Tí ẹ bá rí “E”, ẹ má pe fídíò, ohùn nìkan ni kẹ́ ẹ lò. “H” lè gbé e pẹ̀lú ìdádúró. “4G” ló dáa. Òrùlé páànù ń dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́, nítorí náà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí etí fèrèsé sàn ju ìyẹ̀wù lọ. Tí àwòrán bá dì, ẹ má gé ìpè. Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ pa kámẹ́rà tiyín fúngbà díẹ̀, ohùn á ṣì máa lọ.

Ìkìlọ̀ kan: síìmù tí kò bá ṣe ohun kankan tó mówó wọlé fún ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bíi ká pè tàbí ká ra dátà, fún 180 ọjọ́, wọ́n lè tì í. WhatsApp náà máa ń pa àkáǹtì tí kò bá ṣiṣẹ́ fún 120 ọjọ́. Bí Màmá bá wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ yín ní London, kí ẹnìkan nílé máa fi síìmù náà pe èèyàn.

Àdùkẹ́_Houston

Aago ni kẹ́ ẹ yanjú pẹ̀lú. Nàìjíríà kì í yí aago padà, orílẹ̀-èdè Benin náà kì í yí i, aago kan náà sì ni. Ìlú Ọba ń yí i: láti Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹta sí Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago London àti ti Ìkìrun dọ́gba. Ní ìyókù ọdún, London fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Houston fi wákàtí mẹ́fà rẹ̀yìn nígbà ooru tiwọn níbẹ̀, méje nígbà òtútù. New York àti Toronto: márùn-ún, tàbí mẹ́fà. Amẹ́ríkà ń yí tiwọn ní Sunday kejì oṣù kẹta, ṣáájú London, nítorí náà ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wà tí gbogbo ìṣirò máa ń dàrú. Brazil ò yí aago mọ́ láti 2019, São Paulo àti Bahia sì fi wákàtí mẹ́rin rẹ̀yìn.

Sátidé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Nàìjíríà ló rọrùn jù: aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní London, mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá àárọ̀ ní Houston. Màmá ò tíì sùn, ìmọ́lẹ̀ ṣì wà níta. Ẹ so ó mọ́ aago Nàìjíríà. Kí ọmọ ló máa ṣírò, kì í ṣe ìyá.

Bàbá_Ìbejì

Mo fẹ́ kí ẹ yọ PIN àti páátàǹ kúrò lójú fóònù Màmá. Ìpè lè wọlé lórí ojú tó wà ní títì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ pè yín fúnra wọn, PIN yẹn á dè wọ́n lọ́nà.

Atúnfóònùṣe_Mọ́kọ́lá

Rárá o, Bàbá, ẹ dákun. Kò burú tí kò bá sí owó nínú síìmù yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà, síìmù tí báǹkì mọ̀ náà ló wà nínú fóònù WhatsApp. Olè tó bá jí i lè fi kódù USSD, èyí oníràwọ̀ tí báǹkì ń lò, gbìyànjú láti dé ibi owó wọn. Ẹ gbé síìmù báǹkì sínú fóònù kékeré oníbọ́tìnì, kí ẹ fi òmíràn sínú èyí tí wọ́n fi ń ṣe fídíò. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yọ PIN, mi ò ní jà.

Bàbá_Ìbejì

Ìyẹn bá a mu. Mo gbà.

Olùṣọ́_Àkáǹtì

Bí ẹ ti dé ibẹ̀ yẹn: ẹ ṣí “Two-step verification” nínú “Account” lórí WhatsApp Màmá, kí ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ̀yin ọmọ mọ̀ sí i, kí ẹ fi ímeèlì yín tì í. WhatsApp á máa béèrè nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kí ẹnìkan nílé mọ̀ ọ́n. Àwọn oníjìbìtì máa ń pe àgbà pé “Mo ṣèèṣì fi kódù ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ bá mi kà á.” Tí wọ́n bá kà á, àkáǹtì ti lọ nìyẹn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ Màmá yá owó lọ́wọ́ gbogbo ẹbí.

WhatsApp ní “Silence unknown callers” nínú “Privacy”, “Calls”. Ó dáa, ṣùgbọ́n tí ọmọ bá pè pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun, kò ní dún. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú nọ́ńbà gbogbo ọmọ pẹ̀lú +44 tàbí +1 níwájú. Ẹ má fi òdo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, WhatsApp ò ní dá nọ́ńbà òkè òkun mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má sì gba “screen sharing” lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí ẹni tó ń wo ojú fóònù yín á rí kódù tó bá wọlé.

Wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ohùn àti ojú èèyàn báyìí. Ẹ ní ìbéèrè kan nínú ilé tí kò sí lórí Facebook. Oríkì tí ìyá àgbà ń fi kí ọmọ náà nìkan wúlò dáadáa, bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì gbé e sórí ìkànnì. Tí “ọmọ” bá ní ọlọ́pàá ti mú òun, kó kọ́kọ́ sọ oríkì ẹ̀.

Àgbàtọ́jú_Peckham

Fún àwọn àgbà tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn: Echo Show, ẹ̀rọ olójú ti Amazon tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì, ní ohun tí wọ́n ń pè ní “Drop In”. Ẹni tí ẹ bá fún láyè lè yọjú láìjẹ́ pé àgbà tẹ ohunkóhun. Ó wúlò fún ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó ṣí i o, ojú ò gbọdọ̀ ṣàdédé yọ nínú yàrá èèyàn. Nílé ní Nàìjíríà, mi ò ní rà á: ó fẹ́ iná àti Wáí-fáì tí kì í lọ. Ẹni tó bá sì ṣì ń wá Skype fún bàbá rẹ̀, wọ́n ti ti Skype pa ní oṣù karùn-ún 2025.

Ọ̀rọ̀ ìpè gan-an. WhatsApp gba èèyàn 32 lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ò sọ pé kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹbí jọ. Ojú mẹ́jọ nínú fóònù kékeré, àgbà ò ní mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni méjì, tó bá pọ̀ jù, mẹ́ta. Tí fóònù méjì bá wà nínú yàrá kan náà lórí ìpè kan, ariwo á máa han goorogo. Ẹ pa ohùn ọ̀kan. Ẹ sún mọ́ kámẹ́rà, ẹ má jágbe, ẹ rọra sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè wo ẹnu yín. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kò gbọdọ̀ gbé fóònù sétí, torí ẹ̀rọ náà lè máa súfèé.

Kí àwọn ọmọdé tí wọ́n bí sí òkè òkun kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ níwájú kámẹ́rà kí ọ̀rọ̀ mìíràn tó wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àdúrà. Ẹni tó bá ra dátà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré kò mọ ìyá Yorùbá. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tẹ pupa lẹ́yìn “àmín”, kí Màmá má máa wá bí wọ́n ṣe ń pa á.

Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń lọ: ìpè kúkúrú, aago kan náà, ẹni kan náà. Ẹ sọ orúkọ yín tààrà, “Màmá, Bọ́lá ni o.” Ẹ má bi wọ́n léèrè pé “Ṣẹ́ ẹ mọ̀ mí?”

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì

Tí Màmá bá ti mọ gbígbé, ẹ wá kọ́ wọn ní pípè. Ẹ ṣí ọ̀rọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú WhatsApp, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó tò lé ara wọn lókè, “More”, “Add shortcut”. Àwòrán ọmọ náà á bọ́ sójú fóònù. Ẹ yọ gbogbo àmì yòókù kúrò lójú ìwé àkọ́kọ́, kí ó ku àwọn ọmọ nìkan. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ojú yín sí àwòrán WhatsApp yín. Ẹ yọ òdòdó àti pátákó ìpàdé ìjọ kúrò níbẹ̀. Màmá tí kò mọ̀wé ojú ló fi ń mọ̀ yín.

Ẹ kọ èyí sórí páálí pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà. Tí Màmá ò bá kàwé, ẹ ya àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan:

LÁTI GBÉ E: ẹ fa àmì ewéko sókè.
LÁTI PÈ: ẹ tẹ ojú ọmọ. Ẹ tẹ àmì kámẹ́rà lókè.
TÍ Ẹ Ò BÁ GBỌ́: ẹ tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ sókè.
TÍ Ó BÁ GBÓNÁ: ẹ yọ ṣájà.

Ọmọ_Ìkìrun

Ó ti ń dún báyìí, Battery yẹn ló fà á. Màmá sì ti gbé ìpè kan. Ṣùgbọ́n àgbàlá nìkan là ń wò, wọn ò sí níbẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀.

Atúnfóònùṣe_Mọ́kọ́lá

Kámẹ́rà ẹ̀yìn ló ṣí. Àmì kámẹ́rà tí ọfà ń yí ká nínú rẹ̀ wà lójú ìpè. Tí kò bá hàn, kí wọ́n fọwọ́ kan ojú fóònù lẹ́ẹ̀kan, á jáde, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ pé ojú dúdú lẹ rí, ẹ wo àmì kámẹ́rà tó ní ìlà lórí: wọ́n ti pa á, ẹ tún un tẹ̀. Gbohùngbohùn tó ní ìlà, bẹ́ẹ̀ náà ni.